Owó Gbà-má-bìínú fún Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Ṣiṣẹ́ Iná Mànàmáná

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀.

     

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tí mo bá rò pé yóò ṣe ìlú ní àǹfààní, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí pé èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo fi ọdún 38 ṣe, ibẹ̀ ni mo sì ti rí oúnjẹ òòjọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀ràn kan ń bẹ tí ó jẹ́ pé, bí àwa tí a ti fi ara gbọgbẹ́ nínú iṣẹ́ yìí kò bá sọ ọ́, n kò mọ ẹni tí yóò bá wa sọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe wá.

Ẹ wo ọwọ́ òsì mi yìí. Ìka méjì ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1991, mo wà lórí òpó iná, mo ń ṣiṣẹ́ fún kọngílá kan. Wọ́n ti sọ fún wa pé a ti pa iná, òtítọ́ sì ni pé a ti pa á ní ibi tí ó ti ń bọ̀. Àṣé onílé kan ní òpópónà náà ti tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láì já ilé rẹ̀ kúrò lára wáyà ìta. Iná náà bá wáyà jáde, ó sì bá mi lórí òpó. Ó jó mi lọ́wọ́, ó sì jù mí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò ní ilé ìwòsàn. Ọ̀gá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ san owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fún mi ní owó ọkọ̀ tí yóò gbé mi délé, ó sì mú ìwé kan wá tí a kọ sínú rẹ̀ pé mo ti gba ẹ̀tọ́ mi, n kò sì ní ohunkóhun láti béèrè mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi tí ó ṣẹ́kù ni mo fi bu ọwọ́ lù ú. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé òfin wà nígbà náà tí ó ní kí ọ̀gá san owó gbà-má-bìínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà kọjá kí n tó gbọ́.

Kì í ṣe nítorí kí ẹ lè káàánú mi ni mo ṣe sọ èyí. Egbò mi ti jinná. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí ni ó tú egbò náà padà.

Ní bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, gbogbo wa ni a dá owó ìsìnkú ọmọ ìlú wa kan tí ó kú lẹ́nu iṣẹ́ iná ní Èkó. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó láàrin wa. Ọmọ ọdún 34 ni. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti ọmọ méjì. Ẹgbẹ́ wa ṣe dáadáa: a sin ín bí ọmọ gidi, a sì fún opó rẹ̀ ní èyí tí ó kù nínú owó náà. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò la táàmù méjì kọjá. Nígbà tí ó di oṣù kẹrìnlá tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ àgbà, ọmọ ọdún 13, wá sí ilé mi. Ó kúnlẹ̀, ó sì ní, “Bàbá, ẹ bá mi gba ọmọ yìí kí ó wá kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, nítorí agbára ilé ìwé kò sí mọ́.”

Mo bi í léèrè pé, “Ṣé o ti kọ̀wé gba owó gbà-má-bìínú ọkọ rẹ?”

Ó ní, “Ìwé wo, Bàbá?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí mo tọpinpin ọ̀ràn náà, mo rí i pé kọngílá tí ọmọ wa bá ṣiṣẹ́ ti ń san owó sínú àpò tí òfin ní kí ó máa san án sí. Owó wà. Ẹ̀tọ́ wà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún opó náà, ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa kò sì béèrè, títí ọdún kan tí òfin fún un láti kọ̀wé fi kọjá. Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju èyí lọ: òfin ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún opó yẹn àti àwọn ọmọ rẹ̀, àìmọ̀ wa ni ó gbé àwo náà kúrò níwájú wọn.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ IṢẸ́ IYÌÍ

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ iná yìí ní iná mànàmáná mọ ohun tí wọ́n wí. Mànàmáná a máa kọ, àrá a sì máa sán. Kò sí ẹni tí í fi ọwọ́ lásán gbá a mú. Iná tí ó ń tan gílóòbù nínú yàrá wa jẹ́ nǹkan bí fólítì 230, èyí sì tó láti pa ènìyàn. Èyí tí ó ń gba orí àwọn òpó gíga wọ ìlú jẹ́ fólítì 11,000 tàbí 33,000. Iṣẹ́ tiransifọ́mà ni láti sọ ńlá di kékeré kí a tó lò ó nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí jẹnẹrétọ̀ onílé kan bá rán iná rẹ̀ padà sí ìta, tiransifọ́mà kan náà yóò sọ kékeré di ńlá, ẹni tí ó wà lórí òpó, tí ó gbà pé wáyà ti kú, yóò sì bá ikú pàdé níbi tí kò ti retí rẹ̀.

Ẹlòmíràn wà tí iná kò pa, tí ó jẹ́ pé ìgbọ̀n rẹ̀ ni ó jù ú sílẹ̀ láti orí àkàbà tàbí láti orí òrùlé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dá. Ẹlòmíràn wà tí iná jó lójú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ni a máa ń rán gun òkè, nítorí ara rẹ̀ fúyẹ́, kò sì tíì mọ ẹ̀rù. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a rán ọmọ wa sórí òrùlé sínú iná, kí àwa fi ọkàn balẹ̀ sùn.

BÍ ÒFIN NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ayé àtijọ́, bí òṣìṣẹ́ bá farapa, àfi kí ó pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́, kí ó sì fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀gá náà ni ó ṣẹ̀. Tálákà mélòó ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Orílẹ̀-èdè Jámánì ṣe òfin adójútòfò fún ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ ní ọdún 1884, èyí tí ó mú kí owó máa ti ọwọ́ àwọn ọ̀gá wá, tí òṣìṣẹ́ kò sì ní láti ṣe ẹjọ́ kí ó tó gbà á. Ìlú Ọba ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1897. Ní Nàìjíríà níbí, ìjọba àwọn òyìnbó ṣe òfin gbà-má-bìínú àkọ́kọ́ ní ọdún 1941, ọdún mẹ́sàn-án kí a tó ṣe òfin tí ó dá ECN sílẹ̀ ní ọdún 1950. Òfin mìíràn dé ní ọdún 1987. Lábẹ́ òfin yẹn, bí òṣìṣẹ́ bá kú, owó iṣẹ́ oṣù 42 ni a ó kó fún àwọn tí ó gbójú lé e, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá sì di aláìlè-ṣiṣẹ́ títí ayé, owó iṣẹ́ oṣù 54. Bí owó náà bá ti tán, ó tán nìyẹn.

Ní ọdún 2010 ni a ṣe òfin tí ó rọ́pò rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Employees' Compensation Act. Òfin yìí dá àpò owó kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ó sì fi í sí abẹ́ àjọ NSITF, èyí tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1993.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan níhìn-ín. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa oníná ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ECN, tàbí lábẹ́ NEPA tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1972, ọ́fíìsì ńlá kan wà tí ń tọ́jú ìwé. Láti ọdún 2013 ni pípín iná ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ kọngílá kéékèèké, tí ó jẹ́ pé àpò ọ̀gá ni ọ́fíìsì rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi di dandan kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ mọ òfin.

OHUN TÍ ÒFIN ỌDÚN 2010 WÍ

Èkíní, òfin náà kan gbogbo ẹni tí ó gba ènìyàn sí iṣẹ́, yálà ìjọba tàbí aládàáni. Àwọn ọmọ ogun nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ lójú òfin yìí ni ẹni tí a gbà pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti ẹni tí a gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ títí lọ àti ẹni tí a pè fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin ọ̀gá: ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì, ọ̀gá ni ó ń san owó náà. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó iṣẹ́ tí ó ń san lóṣooṣù ni òfin là sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó òṣìṣẹ́ fún un.

Ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá ṣẹ̀. Ó tó pé ẹnu iṣẹ́ ni ó ti farapa, tàbí pé iṣẹ́ náà ni ó fún un ní àrùn. Kódà bí ìjàǹbá bá bá a ní ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́, tàbí láti ibi iṣẹ́ sí ilé, òfin mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin, àpò náà a máa san owó ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Bí òṣìṣẹ́ bá di aláìlè-ṣiṣẹ́ pátápátá títí ayé, a ó máa san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Bí ó bá kú, tí ó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni a ó máa san fún wọn lóṣooṣù. Bí ó bá jẹ́ opó àti ọmọ kan, ìdá 85. Ti àwọn ọmọ ń lọ títí wọn yóò fi pé ọdún 21 tàbí tí wọn yóò fi parí ẹ̀kọ́ yunifásítì, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé tí ọ̀gá bá fún òṣìṣẹ́ láti bu ọwọ́ lù pé òun kò ní í béèrè ẹ̀tọ́ òun mọ́, irú èyí tí wọ́n fún mi ní ọdún 1991, òfúùtùfẹ́ẹ̀tẹ̀ ni lójú òfin yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà yín.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye gidi wò ó. Owó oṣù ọmọ wa tí ó kú jẹ́ ₦100,000. Ìdá 90 rẹ̀ ni ₦90,000 lóṣooṣù. Láàrin oṣù mẹ́rìnlá tí opó rẹ̀ fi jókòó láì mọ̀, owó náà ti di ₦1,260,000. Gbogbo owó tí ẹgbẹ́ wa fi tìfẹ́tìfẹ́ dá kò tó èyí tí ì bá gbà ní oṣù mẹ́rin.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá kan lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Bàbá, owó iṣẹ́ tí à ń gbà kò tó wa jẹ.” Mo dáhùn pé: bí o bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin, tí o sì ń san ₦70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦280,000. Ohun tí ìwọ yóò san sínú àpò náà ni ₦2,800. Ìwọ náà mọ̀ pé kò tó owó rólù wáyà kan. Lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, tí kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀, àpò náà ni yóò dojú kọ ẹrù tí ì bá wó lé ọ lórí.

ỌJỌ́ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ JẸ́ KÍ Ó KỌJÁ

Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin ní ọjọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye mẹ́ta sọ́kàn: 14, 7, àti ọdún kan.

Láàrin ọjọ́ 14 tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ tàbí ẹni tí ó ń bojú tó iṣẹ́. Bí ó bá ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀, ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti bí ó ti ṣẹlẹ̀. Èmi fi kún un pé kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ fò lọ.

Láàrin ọjọ́ 7, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ìjàǹbá náà ránṣẹ́ sí àjọ NSITF. Bí ó bá dákẹ́, kí ẹ̀yin má ṣe dákẹ́. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà tí ó súnmọ́ yín.

Láàrin ọdún kan, ìwé tí a fi ń béèrè owó náà gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ àjọ. Òfin fi àyè tóóró kan sílẹ̀ fún ẹni tí ìdí pàtàkì kan bá dí lọ́wọ́. Ojú ihò yẹn ni mo bá opó wa gbà. A ti kọ ìwé, a ti so ìwé ilé ìwòsàn àti ìwé ẹ̀rí ikú mọ́ ọn, à ń retí èsì. N kò lè fi dá a yín lójú pé yóò rí i gbà. Ọmọ rẹ̀ ti padà sí kíláàsì. Ọ̀ràn táàmù yìí wà lọ́rùn mi. Táàmù tí ń bọ̀ ńkọ́?

Ẹ tọ́jú ìwé, mo tún bẹ̀ yín. Ìwé tí a fi gba òṣìṣẹ́, bí ó bá wà. Ẹ̀rí owó oṣù, ìbáà jẹ́ ti báńkì. Ìwé ilé ìwòsàn. Orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Nílé wa, bí ikú bá dé, aṣọ ni a kọ́kọ́ máa ń wá. Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kí a máa wá ìwé pẹ̀lú.

ÀWỌN TÍ ÒFIN YÌÍ KÒ DÉ Ọ̀DỌ̀ WỌN

Òtítọ́ kan tún wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Òfin yìí wà fún ẹni tí ó ní ọ̀gá. Oníná tí ó dá dúró, tí ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, tí onílé kọ̀ọ̀kan ń pè, òun ni ọ̀gá ara rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, kò sí ẹni tí ó ti san owó sílẹ̀ dè é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìlú wa. Fún wọn, ọ̀nà kan ni kí wọ́n ra ìwé adójútòfò ìjàǹbá fún ara wọn, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò tí àjọ NAICOM fún ní ìwé àṣẹ. Bí oníná ogún bá lọ pọ̀, wọ́n lè jọ rà á gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Kí wọ́n ka ìwé náà dáadáa kí wọ́n tó san owó, kí wọ́n sì béèrè bóyá ó mọ ìjàǹbá iná àti ìṣubú láti òkè. Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn ìyá wa ti ń tọ̀ kí òyìnbó tó dé: kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ iná ní àpò èsúsú kan lọ́tọ̀, tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi nítorí ẹni tí ó bá farapa.

Ṣùgbọ́n kò sí owó tí ó lè dá ìka padà. Ẹ dán wáyà wò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ búra pé a ti pa iná. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ láì ní súwíìsì tí ń já ilé kúrò lára wáyà ìta. Ènìyàn lè wà lórí òpó.

SÍ ÀWỌN ỌMỌ WA NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà sọ. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1969 mú un ní dandan fún ọ̀gá láti ra ìwé adójútòfò nítorí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe fún iye tí ó dín sí mílíọ̀nù márùn-ún pọ́ùn. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ṣe òfin tirẹ̀, láti ọdún 1911 tí Wisconsin ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1948 tí Mississippi ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn kan nínú yín ń ṣiṣẹ́ iná níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í gun àkàbà níbẹ̀ láì jẹ́ pé a ti mọ ẹni tí yóò dúró ti ènìyàn bí ó bá ṣubú.

Ẹ̀yin kan náà ni ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti kọ́ ilé. Ẹ ń béèrè iye símẹ́ńtì, ẹ ń béèrè iye páànù, ẹ tilẹ̀ ń béèrè irú gílóòbù tí a fi sí pálọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: “Ọmọ tí ó wà lórí àkàbà yẹn, ta ni ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà ha ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí?” Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni ó lè jẹ́.

OHUN TÍ MO BẸ ẸGBẸ́ WA LÁTI ṢE

Mo fi ohun mẹ́ta sílẹ̀ níwájú ìpàdé yìí. Èkíní, a fẹ́ ṣe iṣẹ́ iná sínú gbọ̀ngàn ìlú wa ní ọdún tí ń bọ̀: kí a má ṣe gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá kankan tí kò bá fi ìwé ẹ̀rí NSITF rẹ̀ hàn, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú, ìbáà jẹ́ ọmọ tèmi. Èkejì, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta, kí akọ̀wé tí ó mọ ìwé wà nínú wọn, tí yóò máa lọ bá ẹbí kí ọjọ́ 14 tó pé, nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé ọmọ wa farapa tàbí kú lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà ṣe iná, ìbáà ṣe bíríkìlà, ìbáà ṣe awakọ̀. Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ọ̀gá oníná tí ó jẹ́ ọmọ ìlú ṣe ìlérí fún ìpàdé yìí pé àwọn yóò forúkọ sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí.

Kì í ṣe pé mo ní kí a má dá owó fún òkú mọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò sì gbọdọ̀ parẹ́ láàrin wa. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Owó tí a bá dá ní ọjọ́ ìsìnkú ń sin òkú. Ìwé tí a bá kọ ní àkókò ni yóò bọ́ àwọn ọmọ tí òkú fi sílẹ̀.

Ọmọ ọdún 13 yẹn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Kò burú, iṣẹ́ rere ni, èmi náà kò sì kábàámọ̀ pé mo ṣe é. Bí ó bá parí ìwé rẹ̀, tí ó sì tún wù ú, n óò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó gun àkàbà àkọ́kọ́, n óò kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí. Kí àwọn ọmọ wa tí ó jáde lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní òwúrọ̀ máa padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìka mẹ́wàá.